Kókó Apá Òsì

"Ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí yín dà?" Ẹ̀gbà ọwọ́ Ìbíyẹmí ló ń béèrè. Ìgbà kẹta rèé.

Ìbíyẹmí fi ọwọ́ kejì bo ẹ̀gbà náà. Ó dúró sẹ́yìn gíláàsì tó nípọn, ó ń wo obìnrin tó dùbúlẹ̀ sí yàrá inú lọ́hùn-ún. Gbólóhùn kan péré ni wọ́n ń retí lẹ́nu rẹ̀ kí Wóró, hóró ìtànṣán tí wọ́n fi ń jó jẹjẹrẹ, tó lè wọ ara obìnrin náà: Bí a ṣe wọ̀n ọ́n ló wà. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ìgbà tó ti sọ ọ́ láàárín ọdún mẹ́ta. Ó ti sọ ọ́ nínú ebi, ó ti sọ ọ́ nínú òtútù, ó tiẹ̀ ti sọ ọ́ lójú oorun rí, débi pé ọkọ rẹ̀ jí i, ó ní kí ni wọ́n wọ̀n. Lónìí ẹnu kọ̀, kò là.

"Aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlá," ẹ̀gbà náà tún wí. "Wóró yóò gbéra lọ sí Ìdó-Àbàtà ní aago mọ́kànlá."

"Mo gbọ́."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbọ́?"

"Má kọ nǹkan kan sílẹ̀ jàre! Fún mi láyè."

Ẹ̀gbà ò mọ jàre. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ tó jẹ́ àwọ̀ ewé sì yí padà sí pupa. Ìyẹn ni pé ìṣẹ́jú márùn-ún ti pé láìsí ẹ̀rí. Ibikíbi tí Dókítà Ajíbóyè, ọ̀gá rẹ̀, bá wà nínú ọgbà náà báyìí, ẹ̀gbà tiẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Nǹkan kékeré ni o, ẹ má wulẹ̀ rò pé ilé jó. Ibùsùn tó ń gbé àwọn aláìsàn láti yàrá àwòrán lọ sí yàrá Wóró máa ń dá rìn. Kò sẹ́ni tó ń bá a wọlé, torí ìtànṣán inú yàrá yẹn kì í ṣe eré. Láàárọ̀ yìí ẹsẹ̀ ibùsùn náà kan há. Ìbíyẹmí ò pe àwọn atúnṣe, ó mọ̀ pé tí òun bá pè wọ́n wọ́n á kọ́kọ́ bi òun léèrè nọ́ńbà ibùsùn, nọ́ńbà yàrá àti nọ́ńbà ìyá tó bí òun, kí wọ́n tó gbéra. Ó kàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti ibùsùn náà wọlé. Bí ìlẹ̀kùn ṣe ṣí, Màmá kí aláìsàn káàárọ̀.

Màmá yìí, ẹ̀rọ ni. Òun ló ń ka àwòrán, òun ló ń ṣírò, òun ló ń darí Wóró. Ní ìlú mẹ́fà yòókù tí wọ́n jọ ń lo Wóró kan náà, agogo ló máa ń dún tí aláìsàn bá wọlé. Ní Òkè-Àyọ̀ níbí nìkan ni ẹ̀rọ ti ń fi ohùn ìyá arúgbó sọ̀rọ̀, ohùn tó rọ̀, tó sì gbọ̀n díẹ̀. "Káàárọ̀ o, ọmọ mi. Ṣé dáadáa lo sùn? Màá tọ́jú ẹ, má bẹ̀rù."

Obìnrin tó wà lórí ibùsùn gbọ́ ohùn náà lápá ọ̀tún. Kíá ló ká orúnkún méjèèjì, ó gbé ìdí díẹ̀, ó yí ara sápá ọ̀tún, ó tẹ orí ba. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ ṣé mà." Páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi sí i lábẹ́, tí Wóró máa gbà wọlé, mì. Àmì dúdú ara páìpù náà, tó ti bá àmì ara itan rẹ̀ ṣe déédéé nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán, sún sápá ọ̀tún. Kò ju ìbú èékánná lọ. Ojú Ìbíyẹmí ló ṣe. Ìlẹ̀kùn sì ti fẹ́ pa dé fúnra rẹ̀, ó sá jáde.

Láti ìgbà náà ló ti ń rìn síwá sẹ́yìn lẹ́yìn gíláàsì. Ó jókòó, ó dìde, ó tún jókòó. Ó tẹ bọ́tìnnì nígbẹ̀yìn.

"Àǹtí Tinúadé, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín o, Àǹtí Oníwọ̀n. Àbí ẹ ti sùn lọ ni? Ìdí ti ń ro mí níbí."

Tinúadé jẹ́ ẹni ọdún méjìlélógójì, òrùlé ló fi ṣe ibi iṣẹ́. Òun ló ń to gíláàsì oòrùn sórí ilé àwọn èèyàn, òun ló ń tún un ṣe tí yìnyín bá fọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún un pé jẹjẹrẹ wà lọ́rùn ilé-ọmọ rẹ̀, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi wọ́n ni bóyá òun ṣì lè gun àkàbà.

"Nígbà tí Màmá kí yín lẹ́ẹ̀kan," Ìbíyẹmí wí, "ẹ ká orúnkún."

"Ṣé kí n má kí àgbà ni?"

"Ẹ̀rọ ni, mà."

"Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ni. Orí mi mọ̀. Orúnkún mi ni ò mọ̀."

Ìbíyẹmí sún mọ́ gíláàsì. "Àwọn ìgbà mẹ́ta tẹ́ ẹ ti wá tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Háà, Àǹtí! Ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, bí àgbà bá kí èèyàn lórí ìdùbúlẹ̀, tí kò bá lè dìde, á kúkú ká ẹsẹ̀ kò. Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún kí i lónìí. Ìyà ìkíni wo ni mo fẹ́ jẹ báyìí?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá dúró lójijì. "Ẹ dúró ná. Wọn ò ní í sọ pé mo mira o?"

Ìbíyẹmí wo aago.

"Àǹtí. Ẹ jọ̀ọ́." Ohùn Tinúadé ti wálẹ̀ pátápátá. "Oṣù méje ni mo fi wà lórí ìlà kó tó kàn mí. Ẹ rántí Ìyá Fẹ́yìíṣarà, àbí? Ikọ́ ló wú lẹ́yìn ìwọ̀n, ikọ́ lásán, wọ́n ní ó ti ba ìwọ̀n jẹ́, wọ́n dá a padà sídìí ìlà. Oṣù márùn-ún. Kò dé iwájú mọ́. Èmi ni mo lọ tú gíláàsì orí ilé rẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń kó jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ gbólóhùn yín. Ẹ kàn sọ ọ́. Èyí tó bá kù, Ọlọ́run á parí ẹ̀."

"Mo gbọ́, mà. Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan."

Ó tú bọ́tìnnì náà sílẹ̀.

Ká ní ọrùn ilé-ọmọ nìkan ni, ì bá ti sọ gbólóhùn náà. Páìpù lè yẹ̀ díẹ̀ kí Wóró sì ṣì jó ohun tó yẹ kó jó níbẹ̀, torí orí rẹ̀ gan-an ló ń jókòó sí. Àmọ́ jẹjẹrẹ Tinúadé ti rìn. Ó ti dé ara kókó kan, ọ̀kan nínú àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí gbogbo wa ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun ìbàdí, tí ń sẹ́ omi ara. Kókó yìí wà lápá òsì. Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ márùn-ún tan ìtànṣán sí i láti ìta, ó gba gréè márùndínlọ́gọ́ta, gréè tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán. Ọgọ́ta ló gbọ́dọ̀ gbà kó tó kú. Márùn-ún tó kù, Wóró ni wọ́n gbójú lé: bó bá ń jó ọrùn ilé-ọmọ, díẹ̀ nínú ìtànṣán rẹ̀ á ta dé ẹ̀gbẹ́, lẹ́ẹ̀mẹrin, títí yóò fi pé. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá ṣe kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ìtànṣán Wóró kì í rìn jìnnà. Bó bá sún kúrò lọ́dọ̀ rẹ níwọ̀n èékánná, ohun tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ ti dín gan-an nìyẹn. Tinúadé ti yí sápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mẹta láti kí àgbà. Ẹ ṣírò ohun tó dé apá òsì.

Ìbíyẹmí ti ṣírò rẹ̀. Lórí ìwé, ọgọ́ta ni ti kókó yẹn máa pé lónìí, Màmá á kọ ọ́ pé ó ti tó, Tinúadé á lọ sílé, á jó. Nínú ara, kò ní í ju mẹ́tàdínlọ́gọ́ta lọ. Kò sì sẹ́ni tó máa fi kún un, torí ta ló ń fi oúnjẹ kún ti ẹni tí ìwé sọ pé ó ti yó?

Ìlẹ̀kùn ṣí. Dókítà Ajíbóyè wọlé, bàtà rẹ̀ ń wọ́lẹ̀. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti ṣètò ìfẹ̀yìntì fún un, ẹ̀ẹ̀mejì ló jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ibẹ̀ tán, tó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

"Ẹ káàárọ̀ sà." Orúnkún Ìbíyẹmí ti kan ilẹ̀ kó tó mọ̀. Ó wo orúnkún náà, inú bí i sí i.

"Kí ló dé tí ẹ̀gbà mi ò jẹ́ n gbádùn? Wóró ti wà nínú àpótí, aláìsàn ti wà lórí ibùsùn. Kí lò ń dúró dè?"

Ó sọ fún un. Kò fi nǹkan kan pamọ́: ẹsẹ̀ ibùsùn tó há, ìkíni, orúnkún, àmì dúdú. Bàbá náà fa àga kan, ó jókòó jẹ́ẹ́jẹ́. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún bó tilẹ̀ mọ́.

"Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ìwé máa bi ọ́," ó wí. "Ta ló mì í? Aláìsàn ni, àbí ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀rọ ni, sà."

"Ẹ̀rọ ò fọwọ́ kàn án."

"Ó fẹnu kàn án, sà."

"Ìbíyẹmí." Bàbá náà dá awò ojú padà sójú. "Ṣó o mọ ohun tó ò ń sọ? Bó o bá kọ aláìsàn, ó padà sídìí ìlà, ó parí. Bó o bá kọ ẹ̀rọ, àyè rẹ̀ ò bọ́, Wóró ò ní í kúrò níbí títí a ó fi dá a lóhùn. Ìyẹn dáa. Àmọ́ ẹ̀rọ náà á dákẹ́ lónìí lónìí. A ó ṣí ìwé gbogbo obìnrin tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Ẹni tó fa àṣìṣe á bọ́ ẹ̀gbà rẹ̀. Ta ló fi ìkíni sí Màmá lẹ́nu?"

"Èmi ni, sà."

"Ohùn ta ni?"

Bàbá náà mọ ohùn ta ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ ilé náà mọ̀. Ìyá tó bí ìyá Ìbíyẹmí ni, arúgbó tó gbà kí wọ́n ka ohùn òun sílẹ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kú, tó ń bínú sí ẹ̀rọ pé kò dáhùn òun. Ìbíyẹmí ló bẹ ìgbìmọ̀. Ó ní àwọn obìnrin ń gbọ̀n bí ìlẹ̀kùn bá ti pa mọ́ wọn, pé bí wọ́n bá gbọ́ ohùn ìyá, ọkàn wọn á balẹ̀. Òótọ́ ni, ọkàn wọn balẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀yẹ. Oṣù tó ń bọ̀ ni àwọn ìlú mẹ́fà yòókù máa gba Màmá, orúkọ Ìbíyẹmí ló sì wà lókè ìwé náà. Kò sẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ yẹn, àti bàbá àti ìyá, àti ọ̀mọ̀wé àti òṣèlú, tó rántí pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í gbọ́ ohùn ìyá arúgbó kó má ká ẹsẹ̀ kò. Gbogbo wọn ni wọ́n tọ́ dáadáa!

"Gbọ́ mi," Dókítà Ajíbóyè wí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kọ aláìsàn. Fúnra mi ni màá lọ bá ìgbìmọ̀ Ìlú Méje, màá bẹ̀ wọ́n. Wọ́n á dín oṣù márùn-ún kù sí mẹ́ta. Wọn ò lè kọ̀ fún mi. Màmá náà, a ó yọ ìkíni kúrò lẹ́nu rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹnikẹ́ni ò ní í gbọ́."

"Oṣù mẹ́ta, sà? Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kókó kì í dúró de ẹnikẹ́ni."

"Mo mọ ohun tí mo kọ́ ọ."

"Àwọn tó ti lọ sílé ńkọ́?"

"Àwọn tó ti lọ sílé ń sùn dáadáa!" Bàbá náà jágbe, ó wá wo yíká bíi pé ẹlòmíràn ló jágbe. "Obìnrin òjìlúgba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni nǹkan kan ò ṣe. O fẹ́ lọ kan gbogbo ìlẹ̀kùn, kó o sọ fún wọn pé kí wọ́n má sùn mọ́?"

Ìbíyẹmí dìde, ó rìn dé ògiri, ó padà. Aago mẹ́wàá ti kọjá ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ọdún mọ́kànlá ló fi kàwé kí wọ́n tó ti ẹ̀gbà yìí bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ máa ń fa ọwọ́ rẹ̀ sókè ní gbangba kí àwọn èèyàn lè rí i, ojú á máa tì í, inú rẹ̀ á sì máa dùn. Bó bá bọ́ ọ, kí ló kù tó mọ̀ ọ́n ṣe? Gbólóhùn kékeré yẹn wà lórí ahọ́n rẹ̀. Tinúadé fẹ́ kó sọ ọ́. Ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ kí wàhálà má ṣẹlẹ̀. Ta ló máa mọ̀? Bóyá ní ọdún méjì, kókó kan á tún wú, wọ́n á ní àìsàn náà ló padà wá, wọ́n á kí ara wọn kú ìrọ́jú. Àánú ara rẹ̀ ṣe é. Ẹ̀rù sì bà á, ẹ̀rù gidi, nígbà tó rí i bó ṣe máa rọrùn tó.

Ó gbé ọwọ́ sókè sẹ́nu.

"Ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí," ó wí. Ó gbé ohùn sókè, ó tún un sọ. "Ẹlẹ́rìí ń jẹ́rìí. Bí a ṣe wọ̀n ọ́n kọ́ ló wà. Aláìsàn yí sápá ọ̀tún lẹ́yìn ìwọ̀n, lónìí àti ní ìgbà mẹ́ta tó ṣáájú. Ẹ̀rọ ló mì í. Ẹ̀rọ kí i, òun náà sì kí ẹ̀rọ bó ṣe yẹ ọmọlúàbí. Èmi ni mo fi ìkíni náà sí ẹ̀rọ lẹ́nu."

"Ṣé kí n kọ ọ́ sílẹ̀?" ẹ̀gbà béèrè.

"Kọ ọ́ sílẹ̀."

Ẹ̀gbà náà ṣí fúnra rẹ̀, ó já bọ́ sórí tábìlì. Nínú yàrá lọ́hùn-ún Màmá, tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún Tinúadé pé kó ṣe sùúrù, dákẹ́ sáàárín ọ̀rọ̀. Omi lé sí Ìbíyẹmí lójú, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Dókítà Ajíbóyè ti ẹ̀gbà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Orí kunkun," ó wí. Ó dìde, ó ń ká apá aṣọ. "Ó dáa. Ta ló máa wá ṣírò ọ̀hún báyìí? Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ìwọ ò ní ẹ̀gbà, o ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ku èmi. Ọdún méjìlá rèé tí mo ti fi ọwọ́ ṣírò kẹ́yìn."

"Òfin ní kí n má fọwọ́ kàn án, sà. Kò ní kí n má sọ̀rọ̀."

"Sọ̀rọ̀ nígbà náà. Sọ ọ́ kíákíá."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá náà fa ibùsùn padà sí yàrá àwòrán, ó ń mí hẹlẹ. Wọ́n tún àwòrán yà. Páìpù ti tẹ̀ sápá ọ̀tún ní mìlímítà méje. Ó tọ́ ọ, wọ́n tún yà á, ó ku mìlímítà méjì, ó tún tọ́ ọ. Tinúadé di irin ibùsùn mú, ó gé eyín, kò ké. Ìbíyẹmí kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ apá kó má baà gbàgbé, ó ń pe nọ́ńbà, bàbá ń kọ ọ́ sórí bébà, bébà gidi, èyí tí wọ́n ní láti lọ tọrọ lọ́dọ̀ àwọn tó ń se oúnjẹ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá ṣì í. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ìbíyẹmí ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìfun rẹ̀ lẹ ń fún ní ti kókó yẹn," bàbá náà sì pa á rẹ́, ó ń kùn.

Wọ́n pè láti Ìdó-Àbàtà ní aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú méjì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní aláìsàn tàwọn ti wà lórí ibùsùn, ṣé Wóró ti ń gbéra?

"Ó ń bọ̀," Dókítà Ajíbóyè wí. "Ẹ bá mi bẹ obìnrin náà. Ẹ ní bàbá arúgbó kan ló ń ṣírò, kì í yára."

Kí wọ́n tó jẹ́ kí Wóró wọlé, Ìbíyẹmí lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Tinúadé, ó sọ ọ́ lójúkojú: ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kókó apá òsì, iye tó yẹ kó gbà, iye tó gbà, ẹni tó fà á. Ó ní wọ́n á dá èyí tó dín padà. Bí wọ́n bá parí ti òní, ìtànṣán ìta á fi ọjọ́ mélòó kan kún un.

Tinúadé wo òrùlé. "Tẹ́ ẹ bá sọ gbólóhùn yín bí mo ṣe bẹ̀ yín," ó wí nígbẹ̀yìn, "ǹ bá ti lọ sílé báyìí, tí màá máa ṣe fàájì?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Tí nǹkan yẹn á sì jókòó tì mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ dákun, ẹ má bínú."

"Mò ń bínú o. Kí ni kí n máa pè yín báyìí? Ẹ jẹ́ kínú kọ́kọ́ bí mi dáadáa. Ọpẹ́ lè dọ̀la." Ó nawọ́, ó di ọwọ́ Ìbíyẹmí mú, ibi tí ẹ̀gbà ti kúrò gan-an, kò sì tètè fi í sílẹ̀. "Ẹ sọ fún bàbá yẹn kó ṣe é dáadáa."

Ó ṣe é dáadáa. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún ni Wóró padà sínú àpótí òjé rẹ̀, tí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ gbé e lọ.

Ìwé àwọn tó kọjá ló kù. Ibùsùn ń kọ ibi tí ìwúwo ara ń tẹ̀ sí sílẹ̀ látọjọ́ yìí, kò kàn sẹ́ni tó bi í léèrè rí ni. Dókítà Ajíbóyè bi í. Nínú obìnrin òjìlúgba, igba ó lé mọ́kàndínlógún ló yí sápá ọ̀tún nígbà tí Màmá kí wọn. Àwọn tó kù, oorun oògùn ló ń kùn wọ́n. Nínú àwọn tó yí, mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni àìsàn ti dé kókó apá òsì wọn kó tó di pé wọ́n wá.

Bàbá náà ti bébà náà sí i níwájú. Òfin ò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá a pè wọ́n: ẹni tó fa àṣìṣe ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ. Ìbíyẹmí ka orúkọ wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó mu omi. Ó dìde, ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó padà wá jókòó. Ó wá pe ẹni àkọ́kọ́, Mosúnmọ́lá, olùkọ́ ìṣirò kan tí ọdún méjì àti oṣù mẹ́sàn-án ti kọjá lórí ìtọ́jú rẹ̀.

"Àǹtí Oníwọ̀n!" Obìnrin náà dá ohùn rẹ̀ mọ̀ kíá. Ariwo ọmọ iléèwé ń dún lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ mà rántí mi! Ṣé dáadáa ni?"

"Ẹ káàsán mà. Ṣé ẹ lè jókòó?"

"Mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń ní kó jókòó lọ. Ẹ sọ ọ́."

Ó sọ ọ́. Kò yí i po, kò sì dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Ó ní àṣìṣe kan wà tó jẹ́ tòun, pé ó ṣeé ṣe kí kókó kan má tíì gba ìtànṣán tó yẹ. Ariwo ọmọ iléèwé ń dínkù, ó jọ pé obìnrin náà ń rìn kúrò níbẹ̀.

"Apá wo?" Mosúnmọ́lá béèrè.

"Apá òsì, mà."

Ìbíyẹmí ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

"Láti bí oṣù méjì báyìí," obìnrin náà wí, "ẹsẹ̀ mi òsì ló ń wú. Mo ní àwọn ìwé ọmọ tí mò ń gbé ló ń dá mi lágara."

"Ẹ máa bọ̀ lónìí, mà," Ìbíyẹmí wí. "Ẹ má lọ sílé kọ́kọ́. Ẹ máa bọ̀ tààrà, mò ń dúró dè yín."